Ọ̀pá Mẹ́dàlì Tí Wọ́n Pín Ní Orí-ò-jorí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kíláàsì ọjọ́ Àìkú ní mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham ni ẹ bẹ̀ mí pé kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe. Ẹ ní gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún yín pé kí ẹ di dókítà, kí ẹ di lọ́yà, kí ẹ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ sì fẹ́ gbọ́ ti ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn tí Ọlọ́run sì bọ́. Alhamdulillah, èmi nìyí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa dá mẹ́dàlì ìwúlò àwọn ológun Jámánì àtijọ́ mọ̀, kí n máa rán ríbọ́nù wọn, kí n sì máa sọ fún àwọn tó ń kó wọn jọ èyí tó jẹ́ ojúlówó àti èyí tó jẹ́ ayédèrú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá mi pàápàá rẹ́rìn-ín iṣẹ́ yìí títí ó fi lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé. Alfa wa kì í fi àmì tóótòòtó orí lẹ́tà ṣeré: bí ọ̀kan bá wà lókè, nǹkan kan ni, bó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀, ó ti di nǹkan mìíràn, ẹgba sì ti délẹ̀. Ojú tí mo fi ń wá tóótòòtó yẹn lórí wàláà ni mo padà fi jẹun ní ìlú òyìnbó. Lẹ́yìn kéwú, mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ, mo wá bá ọkọ mi ní London, a sì ń gbé fúláàtì kan ní North Peckham Estate kí wọ́n tó wó o. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìwé pélébé kan lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta mẹ́dàlì àtijọ́, pé wọ́n ń wá ẹni tó lè fi ọwọ́ rán nǹkan kéékèèké. Mo wọlé, mo rán, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì tó. Ẹ jẹ́ ká fi ti owó sílẹ̀.

Ọ̀gá mi, Mísìsì Pálmà, jẹ́ opó òyìnbó tó jogún ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ga, ó gbẹ bí igi ìdáná, ó sì máa ń fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. N kò tíì rí ẹni tó le tó o, àfi Alfa wa. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó gbé nǹkan kan síwájú mi.

"Kí nìyí?"

"Àgbélébùú ni, mà."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí afọ́jú lè fọwọ́ pa kó sì sọ. Àgbélébùú wo?"

Mo nawọ́ láti gbé e. Ó fi rúlà lu tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka mi, pá!

"Ojú ló ń ṣíwájú. Ọwọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí o bá sì máa gbé e, etí rẹ̀ ni kí o dì mú."

Àṣẹ tó fún mi lọ́jọ́ náà ni pé n kò gbọ́dọ̀ dárúkọ mẹ́dàlì kankan fún oníbàárà títí tí òun yóò fi gbà mí láyè. Kí n rán ríbọ́nù ni, kí n sì la ojú mi sílẹ̀. Mo rán, ó tú u. Mo tún un rán, ó tún un tú. Ó ní òwú mi ń pariwo. Mo lọ sunkún nílé, ọkọ mi ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tó yá, ó rán mi níṣẹ́ ìyanu mìíràn: yóò fi páálí bo iwájú mẹ́dàlì, yóò sì ní kí n sọ ohun tó jẹ́ láti ẹ̀yìn tàbí láti etí nìkan. Bí mo bá gbà á, kò ní í yìn mí. "Báwo lo ṣe mọ̀?" ni yóò bi mí. Bí n kò bá lè sọ bí mo ṣe mọ̀, a jẹ́ pé n kò mọ̀ nìyẹn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òyìnbó yìí kò gbọ́ òwe náà rí, ṣùgbọ́n òun ló fi kọ́ mi níṣẹ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló le nínú rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí. Jámánì tí ẹ mọ̀ lónìí, láyé àtijọ́, ọba púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, bí Aláàfin ṣe ní ìlú tirẹ̀ tí Aláké ní tirẹ̀. Ọba Prọ́ṣíà ní mẹ́dàlì tirẹ̀ fún ológun tó bá ṣe gudugudu méje. Ti Bafaríà ní tirẹ̀, ti Sásónì, ti Wútẹ́mbẹ́ẹ̀gì, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọ̀ ríbọ́nù rẹ̀. Àgbélébùú Ìwúlò Ológun ti Bafaríà, fún àpẹẹrẹ, bí ẹ bá yí i padà, ẹ ó rí kìnnìún kan níbẹ̀. Bí irun ọrùn kìnnìún náà bá rí jọ̀wọ̀lọ̀ bí ẹni pé wọ́n rì í sínú òrí, ayédèrú ni, wọ́n dà á láti ara òmíràn ni.

Àwọn ológun wọ̀nyí kì í sì so mẹ́dàlì wọn kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń rán gbogbo ríbọ́nù mọ́ irin pẹlẹbẹ kan, kí mẹ́dàlì lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní àyà. Ohun tí à ń pè ní ọ̀pá nìyẹn. Mẹ́dàlì kan ṣoṣo lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, nítorí wọ́n ṣe é lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n ọ̀pá, ti ẹnì kan ni. Èyí tó ṣíwájú lórí rẹ̀ àti èyí tó kẹ́yìn ló ń sọ ìlú tí ọkùnrin náà ti wá, bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, àti ẹgbẹ́ àwọn tó bá jagun. Mísìsì Pálmà a máa ní, "Ẹni tó bá tú ọ̀pá, ó pa ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kejì."

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní mọ́ṣáláṣí kò jẹ́ kí n gbádùn. "Ìyá Sàkírà, gbogbo ọjọ́ ni ìwọ ń di àgbélébùú mú, ṣé o kò ní í yí padà?" Nígbà tó sú mi, mo lọ bá Alfa mọ́ṣáláṣí wa níbí, olóògbé, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn.

"Ṣé o ń wọ̀ ọ́?"

"Rárá, Alfa."

"Ṣé o ń forí kanlẹ̀ fún un?"

"Á à! Rárá o."

"Ṣé o máa ń sọ pé ayédèrú ni ojúlówó kí wọ́n lè rà á?"

"Rárá."

"Ẹ̀kẹta yẹn ni mo ń bẹ̀rù fún ọ. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kí n sì sọ èyí kún un: ẹni tó ń kó mẹ́dàlì jọ kò yin ogun. Àwọn mẹ́dàlì tó ní àmì ìjọba burúkú ìgbà ogun àgbáyé kejì, Mísìsì Pálmà kò jẹ́ kí wọ́n dé fèrèsé wa rí.

Mísìsì Pálmà ti gbà mí láyè láti máa dárúkọ mẹ́dàlì fún oníbàárà nígbà tí Bàbá Kẹ́mi kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, onígbàgbọ́ tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Òjò ló lé e wọlé. Kò mọ nǹkan kan nípa mẹ́dàlì. Ó rí ọ̀pá kan nínú gíláàsì, mẹ́dàlì mẹ́rin lórí rẹ̀, ó bi mí léèrè. Mo ní ti ọmọ ogun Bafaríà kan ni: Àgbélébùú Irin ló ṣíwájú, àgbélébùú ìwúlò oníkìnnìún tẹ̀ lé e, ti iṣẹ́ pípẹ́ tẹ̀ lé ìyẹn, mẹ́dàlì fàdákà sì kẹ́yìn lórí ríbọ́nù aláwọ̀ ìyeyè onílà dúdú.

"Kí ni orúkọ ọkùnrin náà?"

"A kò mọ̀ ọ́n, sà."

Ó wò ó títí. "Alhaja, ẹ wo ayé. Èyí ṣiṣẹ́ fún ọba rẹ̀, wọ́n fún un ní fàdákà. Èmi ń wa bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ ayé, káàdì Kérésì ni wọ́n ń fún mi." Ó bú sẹ́rìn-ín. Kò jẹ́ kí ọdún yẹn parí kó tó ra ọ̀pá náà.

Láti ìgbà yẹn, Sátidé kan kì í kọjá kí ó má yọjú. "Alhaja, báwo ni àwọn ará Jámánì wa?" Ohun kan ló ń wá: orúkọ ọkùnrin tó ni ọ̀pá yẹn. Mo bá a kọ̀wé, mo bá a wo àkọsílẹ̀ àwọn tí ọba fún ní mẹ́dàlì. Mẹ́dàlì fàdákà tó kẹ́yìn yẹn ni ìrètí wa. Ti Wútẹ́mbẹ́ẹ̀gì ni, ìyẹn ni pé ọba ìlú mìíràn ló fi ta ọmọ Bafaríà lọ́rẹ, irú wọn kò sì pọ̀. A máa ń sún mọ́ ọn, á tún sá fún wa. Bàbá Kẹ́mi kò sì káàárẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ribiribi, kò yẹ kó sùn láìní orúkọ.

Nígbà yẹn, nǹkan ti ń yí padà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Gíláàsì amúǹkan-tóbi, ìwọ̀n kékeré àti òòfà ni mo bá nílẹ̀. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ Àgbélébùú Irin, àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, nítorí irin ni. Lẹ́yìn náà ni iná tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò dé: ẹ pa iná yàrá, ẹ tàn án sí òwú, òwú àtijọ́ á wà ní jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, òwú òde òní á máa tàn bí eyín ọmọ ọwọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni íńtánẹ́ẹ̀tì dé, tí gbogbo ènìyàn di ọ̀gá, tí àwọn aṣayédèrú náà sì ń rí fọ́tò tó mọ́ kedere tí wọ́n fi ń ṣe èké tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò bú ẹ̀rọ o. Ẹ̀rọ ń rí, ṣùgbọ́n kì í bi ara rẹ̀ pé báwo lòun ṣe mọ̀. Mísìsì Pálmà lọ sinmi létí òkun, àbúrò rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù, mo sì di àgbà yàrá iṣẹ́.

Bàbá Kẹ́mi kú lójijì. Mo lọ kí wọn nílé, n kò sọ ti mẹ́dàlì, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ní Sátidé kan, Kẹ́mi fúnra rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Òun ni àkọ́bí, nọ́ọ̀sì ni, ó sì máa ń rìn bí ẹni pé ẹnì kan ń pè é ní yàrá kejì. Ó tú tíṣù kan sórí tábìlì. Àgbélébùú Irin kan ló wà níbẹ̀, òun nìkan.

"Alhaja, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó níye lórí?"

Mo mọ̀ ọ́n kó tó sọ̀rọ̀. "Kẹ́mi, àwọn yòókù ńkọ́?"

"A ti pín in, mà." Inú rẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ogún jà nínú ẹbí àwa Yorùbá. Àwa ò jà o! Àbúrò Dádì ló dá a lábàá lórí fóònù láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní ká má pín in ní ìdí-igi, orí-ò-jorí ni ká pín in. Mẹ́dàlì mẹ́rin, ọmọ mẹ́rin. Ṣé ẹ rí i pé ọwọ́ Ọlọ́run wà níbẹ̀?"

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí wọ́n bá pín ogún ní ìdí-igi, ilé ìyá kọ̀ọ̀kan ló ń gba ìpín kan. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń gba tirẹ̀. Ìyá kan ló bí Kẹ́mi, Báyọ̀ àti Ṣọlá. Ìyá mìíràn ló bí Wálé, èyí tó kéré jù. Ní ìdí-igi, Wálé nìkan ni ì bá gba ìdajì. Nítorí náà, orí-ò-jorí dára lójú wọn, ó sì dára lóòótọ́, bó bá jẹ́ ilé tàbí ilẹ̀ ni.

"Kí lẹ fi tú u?"

"Sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé èékánná. Òun ló mú jù."

Mo jókòó. Innā lillāhi ni ọkàn mi ń wí. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín, pé ohun tí bàbá wọn fi ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ wá, inú ọ̀pá ló wà, kò sí nínú ọ̀kankan àwọn mẹ́dàlì náà. Bí wọ́n bá fọ́nká sọ́wọ́ àjèjì, kò sẹ́ni tó lè kó wọn jọ mọ́ láé, a kò sì ní í mọ ọkùnrin náà mọ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "A rò pé a ṣe dáadáa ni."

"Ẹ ṣe dáadáa sí ara yín. Ọ̀pá yẹn ni ẹ kò ṣe dáadáa sí."

"Yéè! Báyọ̀ ti gbé tirẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì! Wọ́n ti ń ná an!" Ó fa fóònù yọ. "Báyọ̀! Yọ nǹkan yẹn kúrò. Mo ní yọ ọ́ kúrò! Bẹ́ẹ̀ ni, báyìí. Alhaja wà níbí, inú ń bí wọn, wọ́n ń wò mí bàì. Ṣé kí n gbé fóònù fún wọn?"

N kò tíì nawọ́ gba fóònù. Báyọ̀ yọ ọ́ kúrò, ó sì gbé e wá fún mi.

Ti Ṣọlá kò le. Ó ń gbé ní Elephant and Castle, ó ti so tirẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó sì fi ìtìjú mú un wá. Ó wá ku ti Wálé, mẹ́dàlì fàdákà tó kẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n pè é. Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan ní kì í gbé fóònù wọn. Mo ní kí wọ́n lọ sílé rẹ̀. Catford ni, wọ́n ní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ òpópó náà nínú wọn. Kẹ́mi lọ wá àdírẹ́sì rẹ̀ nínú fóònù bàbá wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì, èmi nìkan.

Wálé ṣílẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ọmọ London. "Mummy, ẹ wọlé. Sorry for the mess o." Mẹ́dàlì náà wà lára ògiri nínú férémù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá rẹ̀ nínú aṣọ awakọ̀. Ó po tíì fún mi. Mo sọ ohun tó gbé mi wá.

"No disrespect, Mummy. Ṣé Aunty Kẹ́mi ló rán yín?"

"Iṣẹ́ mi ló rán mi."

Ó mi orí. "Níbi burial, mo jókòó sí row kẹta. Nínú programme, orúkọ mi wà nísàlẹ̀, after the cousins. Mi ò sọ nǹkan kan. Then uncle yẹn pè. Wọ́n ní orí-ò-jorí. Wọ́n kà á: one, two, three, four. Èmi ni four." Ó na ìka mẹ́rin sókè. "Ìgbà yẹn nìkan, Mummy. The only time tí wọ́n kà mí. Ẹ wá fẹ́ kí n dá a padà?"

Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó lásán. Ó yọ ọ́ nínú férémù, ó fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú, bó ṣe yẹ. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.

"Dádì. Tí wọ́n bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Saturday, ibí ni wọ́n máa ń wá. Wọ́n á gbé gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì yìí, wọ́n á máa ṣàlàyé. Èyí ti ọba Wútẹ́mbẹ́ẹ̀gì. Ìyẹn ti Bafaríà. Mo mọ all of them."

Gbogbo Sátidé yẹn, n kò mọ̀ pé láti ọ̀dọ̀ mi ni Bàbá Kẹ́mi ti ń lọ kí ọmọ rẹ̀. Mo mu tíì mi tán, mo ṣàdúrà fún un, mo padà lọ́wọ́ òfo.

Mo pe àwọn mẹ́ta yòókù sí yàrá iṣẹ́ mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Báyọ̀ pòṣé. "Ṣàkàrà ló ń ṣe."

"Báyọ̀," ni Kẹ́mi wí, "ta ló to orúkọ sínú ìwé ètò ìsìnkú?"

"Ìwọ ni."

"Èmi ni." Ó kọjú sí mi. "Alhaja, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣe pàtàkì púpọ̀?"

Mo sọ bí iṣẹ́ ṣe rí, n kò fi kún un. Mo ní ìdí ọ̀pá ló ń wà nítorí pé ilé ọba mìíràn ló ti wá, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́. Láìsí i, mẹ́ta yòókù lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Kẹ́mi wo orí tábìlì títí. Lẹ́yìn náà ó fi tíṣù di mẹ́ta tó wà níbẹ̀ pọ̀. "Kò ní í dá nǹkan kan padà. Àwa la ó gbé tiwa lọ fún un."

"Gbogbo ẹ̀?" ni Báyọ̀ ké. "Fún Wálé?"

"Ọmọ mẹ́rin ni Dádì bí. Ọ̀kan nínú wọn ló mọ nǹkan tí Dádì ń bá kiri. Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n?"

Ṣọlá ló mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Nígbà tí Wálé ṣílẹ̀kùn tó rí wa, ó dúró gbọnin-gbọnin sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lára férémù ìlẹ̀kùn. Ó rò pé a wá gba mẹ́dàlì rẹ̀ ni.

"Na ọwọ́ rẹ," ni Kẹ́mi wí.

"Fún kí ni?"

"Na ọwọ́, jàre. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ó gbé tíṣù náà lé e lọ́wọ́. Wálé tú u. Ó wo mẹ́ta náà, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn kúrò ní ẹnu ọ̀nà kí a lè wọlé ni.

Orí tábìlì rẹ̀ ni mo ti rán ọ̀pá náà padà. Ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ ṣì wà lára ríbọ́nù. Mo ń fi òwú gba ojú ihò kan náà ní jẹ́ẹ́jẹ́. Wálé ló ń sọ fún wọn èyí tó ṣíwájú àti ìdí rẹ̀. "Ọ̀gá mùsíọ́ọ̀mù," ni Báyọ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n òun ló ń béèrè jù. Ṣọlá lọ po tíì, kò rí ṣúgà, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo so kókó ìkẹyìn, ọkùnrin Bafaríà náà ti pé.

A kò tíì rí orúkọ rẹ̀ títí di òní. Wálé ló ń kọ̀wé báyìí, mo sì ń bá a ka èsì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó rí i. Mo ti fẹ̀yìn tì, ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, mo sì dúpẹ́ pé ó ríran nígbà tí iṣẹ́ nílò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ má bẹ̀rù iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá ọ̀gá tó le, ẹ má purọ́ fún oníbàárà, èyí tó kù ń bẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní Sátidé tó kọjá, mo pàdé Kẹ́mi ní Rye Lane, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, ó ń sáré. Mo nahùn kí i, mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Alhaja, ẹ má bínú, ẹ má dá mi dúró," ni ó wí, ó ń fò kọjá. "Bọ́ọ̀sì Catford ń bọ̀!"